Eré Tí Ń Kọ́ Ọmọ Ọdún Kan sí Mẹ́ta Lọ́gbọ́n Nínú Ilé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà àti ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ẹ ti Kàbà, Ìyàrà àti Ìsánlú wá, mo kí yín, okun o. Orí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, èyí tí ó ti ń tẹsẹ̀ rìn ṣùgbọ́n tí kò tíì tó mú lọ sí ilé ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ohun ìṣeré tí a rà lọ́jà ni ó ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́gbọ́n, bí kò ṣe èsì tí àgbàlagbà tí ó ń bá a ṣeré ń fún un.

Ẹ wo eré tí ìyá máa ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, tí ó fi ìborùn bo ojú, tí ó tún ṣí i. Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland nì, Jean Piaget, ṣàkíyèsí pé ọmọ ọwọ́ kì í wá ohun tí a bá gbé pamọ́, àfi ìgbà tí ó bá tó bí oṣù 8, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ohun tí òun kò rí ṣì wà níbì kan. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, ó yẹ kí eré náà le díẹ̀ sí i. Ẹ da igbá méjì dé ilẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí sábẹ́ ọ̀kan ní ìṣojú rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé, "Ṣíbí dà?" Bí ó bá ti ń rí i láìṣìnà, ẹ gbé e láti abẹ́ igbá kìíní lọ sí abẹ́ èkejì bí ó ti ń wò yín. Tí yóò bá fi pé ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ yóò máa kó nǹkan pamọ́ fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kí ẹ tó rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbangba ni ó fi í sí.

Ilé ìdáná ni mo kà sí ibi tí eré pọ̀ sí jù. Nígbà tí ẹ bá ń bẹ iṣu, ọmọ yóò fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ gbé ọ̀bẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì kó ìkòkò àti ìdérí fún un kí ó máa wá èyí tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ọmọ oṣù 18 lè jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo: "Mú abọ́ wá." Tí ó bá tó ọdún méjì àbọ̀, ó lè jẹ́ méjì pọ̀: "Mú ṣíbí yẹn, kí o fi í sínú abọ́."

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kùnà ni dídákẹ́ dúró de ọmọ. A ó bi í léèrè, kí ó tó ya ẹnu, a ti dáhùn fún un. Ọmọ kékeré nílò àkókò láti gbọ́ ọ̀rọ̀, láti wá èsì, àti láti rí ohùn tí yóò fi sọ ọ́ jáde. Ẹ rọra ka ení dé àrún nínú ọkàn yín. Bí ó bá wí pé "mi", tí ó sì na ọwọ́ sí ife, ẹ sọ pé, "Omi lo fẹ́. Omi tútù rèé." Ẹ ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ sì ti fi díẹ̀ kún un. Èdè tí ó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni kí ẹ fi ṣe é, ìbáà ṣe Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí púpọ̀ pé òbí tí ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ geere ní èdè wọn yóò yíjú sí ọmọ, gẹ̀ẹ́sì bí mélòó kan ni wọn yóò sì máa sọ sí i: pé kí ó wá, kí ó jókòó, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò sí níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀.

Èyí náà ni fóònù kò lè ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí ọmọ sọ. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019, wọn kò fi ọwọ́ sí i rárá kí ọmọ ọdún kan máa jókòó wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù; fún ọmọ ọdún méjì, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Wọ́n tún ní kí ọmọ ọdún kan àti ọdún méjì máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́ rìn, sáré, fò, kí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù, ohun tí àgbàlá wa gbà dáadáa.

Àmọ́, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Ní àsìkò kajú, nígbà tí kóró rẹ̀ bá wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé, ọmọ yóò fẹ́ máa ṣà á kà. Ẹ má gbà fún un, nítorí epo tí ó wà nínú èèpo kóró kajú tútù a máa bó awọ ara. Ọmọ ayò, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun. Ìdérí ike ńlá tàbí páálí ni kí ẹ fún un. Bí ẹ bá gbé omi fún un kí ó máa fi ife bù ú, ẹ má ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lè pa ọmọ, kí ẹ sì dà á nù nígbà tí eré bá parí.

Nínú eré ni a tún ti lè tètè mọ̀ bí etí ọmọ kò bá gbọ́ràn dáadáa. Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn tí kò yíjú, tàbí tí ó pé ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "omi dà", ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì máa bá a ṣeré lọ ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń dúró de èsì àyẹ̀wò náà.