Nígbà tí àyà bá ń já ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ọkàn

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín. Ẹ fi síbẹ̀ díẹ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í fiyè sí i. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n máa la àyà rẹ̀ ń gbọ́ ọ lóru, nígbà tí wọ́n bá ti pa jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, tí gbogbo ilé ti sùn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ṣe fídíò yìí, àti nítorí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà ní Kàbà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀nà ọ̀fun máa ń dùn ún léraléra, wọn ò sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní streptococcus ló wà nídìí ẹ̀. Bí ara ṣe ń bá kòkòrò náà jà, nígbà míì, á ṣi ìjà náà gbé, á kọjú sí ọkàn fúnra rẹ̀, á sì ba àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú ọkàn jẹ́. Fáàfù ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó hàn. Ní báyìí, bí ìyá yìí bá gun òkè díẹ̀, mímí á di iṣẹ́ fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Wọ́n ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan, kó lọ máa retí ìpè láti ọsibítù ńlá.

Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìró àti bùbá méjì, sálúbàtà, Bíbélì, káàdì ọsibítù tí wọ́n wé sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já.

Àyà já. Ọkàn ò balẹ̀. Àyà ń lù kìkì. Ẹ rí i pé inú àyà náà ni èdè wa fi ìbẹ̀rù sí, ibẹ̀ náà ni àìsàn yìí wà. Nítorí náà, bí ìyá bá ní "àyà mi ń já," èwo nínú méjèèjì ló ń sọ? Òun gan-an lè má mọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà wá, ara á tú adrenaline, èròjà kan tó ń mú ọkàn sáré, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru, oorun á lọ. Ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún wá ń gbé ẹrù kún ẹrù. Ìyá á gbọ́ bó ṣe ń sáré, á ní "ó ti dé nìyẹn," ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i.

Ẹ má ṣe dá a yàn fúnra yín nílé. Bí nǹkan wúwo bá tẹ̀ ẹ́ láyà, bí kò bá lè mí dáadáa, bí òòyì bá gbé e ṣubú, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí Ẹ̀gbẹ̀ mọ ọsibítù ECWA. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀rù lásán ni.

Ohun tí a máa ń sọ jù nílé ni "ẹ má bẹ̀rù, Ọlọ́run wà níbẹ̀." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àmọ́ mo ti rí i pé bí a bá tètè sọ ọ́ jù, ńṣe ló ń pa ìyá lẹ́nu mọ́. Á ní "àmín," á yíjú sí ògiri. Ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ bi í: "Mọ́mì, èwo ló ń bà yín lẹ́rù jù níbẹ̀?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ìdáhùn lè yà yín lẹ́nu. Ó lè jẹ́ gbèsè tí ẹ rò pé kò mọ̀ nípa ẹ̀, tí ẹ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù: "Wọ́n ní wọ́n máa dá ọkàn mi dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ fáàfù, wọ́n máa ń dá a dúró. Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ wo àwòrán yìí: páìpù kan ń gba ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀rọ ń fún un ní atẹ́gùn, ó sì ń tì í padà sínú ara, kí ọpọlọ àti kíndìnrín má bàa ṣaláìní. Ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún wákàtí díẹ̀. Ọdún 1953 ni dókítà John Gibbon fi irú ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní àṣeyọrí ní Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà níbí, wọ́n ti ṣe é ní Enugu ní 1974. Bí wọ́n bá ti tún fáàfù ṣe tán, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Àwọn kan tún máa ń béèrè bóyá ọkàn tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn yìí ni ọkàn tí a fi ń gbàdúrà. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹran ara tó ń ti ẹ̀jẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ fọwọ́ kàn. Ìgbàgbọ́ ìyá àti ìfẹ́ tó ní sí yín kò sí níbi tí ọ̀bẹ lè dé.

Ẹ sọ ìbẹ̀rù yìí fún dókítà àti nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, wọ́n ní ìtọ́jú fún un. Ẹ má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì. Bí ìyá bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́, torí ó lè bá oògùn mìíràn jà. Kó má sì dá oògùn ọkàn rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀rù. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá kí i pẹ̀lú ìtàn ẹni tó ṣe é tí kò jí, ẹ bá mi dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan ṣì kù, tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún wọn. Bí ìyá bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe kí páìpù wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń bá a mí, kò ní lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ á rò pé ohùn òun ti lọ, á máa jà. Ẹ sọ fún un nísinsìnyí pé wọ́n máa yọ ọ́ bó bá ti lè dá mí. Kí ẹ jọ fi ọwọ́ kọ́ ọ nínú yàrá, lónìí: bó bá fún ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni; lẹ́ẹ̀mejì, rárá. Kó fún un wò. Kí ẹ̀yin náà fún tiẹ̀ padà.