Ẹ kọ nkan tẹ́ ẹ rò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ Run

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń kà á báyìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ prógíráàmù, bí kóòdù ẹ̀ ṣe máa ṣiṣẹ́ ló ń wá. Àmọ́ ẹni tó ti ń fi kóòdù jẹun, tó wá forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tó ga, ibi tí nkan ti máa ń bàjẹ́ àti ìdí tó fi bàjẹ́ ló yẹ kó wá lọ, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í.

Èmi náà ṣì í. Kọ́ọ̀sì ńlá àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọjọ́ márùn-ún gbáko, gbogbo nkan tí tíṣà bá tẹ̀ lèmi náà ń tẹ̀, tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí tèmi, inú mi á dùn, ó di ẹ̀kọ́ tó kàn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ìṣòro tá a kọ́ gan-an yọjú, mo ṣí fáìlì tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo ń wò ó bíi pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló lọ kọ́ọ̀sì yẹn, orí mi ò lọ.

Látìgbà náà nkan tí mo ń bẹ àwọn èèyàn sí ò ju ẹyọ kan lọ: kẹ́ ẹ tó tẹ Run, bọ́tìnì tó ń mú kóòdù ṣiṣẹ́, ẹ fi bírò kọ nkan tẹ́ ẹ rò pé ó máa jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú thread, ìyẹn apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíì lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà ní nọ́ńbà kan bẹ̀rẹ̀ láti 0, kí thread méjì máa fi 1 kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 100,000, èló ló máa dà? Gbogbo kíláàsì á ní 200,000. Ẹ tẹ Run nínú Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ẹ lè rí iye tó kéré sí i dáadáa, ẹ tún un tẹ̀, iye yẹn tún ti yí padà. Ẹni tí kò kọ nkan kan sílẹ̀ á kàn ní “ó dáa, lock la nílò”, ìyẹn nkan tí kì í jẹ́ kí thread méjì fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, á fi lock sí i, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ 200,000 síwèé, á ká a lára, á fẹ́ mọ ibi tí ìyókù wọlé sí. Á wá rí i pé fífi 1 kún nkan tá a pè ní ìgbésẹ̀ kan, mẹ́ta ni lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà: á ka iye tó wà níbẹ̀, á fi 1 kún un, á kọ ọ́ padà. Thread àkọ́kọ́ ka 57, kó tó kọ 58 padà èkejì náà ti ka 57, àwọn méjèèjì kọ 58, ẹyọ kan ti sọnù nìyẹn. Lọ́jọ́ tí èèyàn méjì bá ra síìtì kan náà nínú database yín, níbi tẹ́ ẹ ń kó àkọsílẹ̀ sí, ẹ máa dá ìṣòro yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ò tiẹ̀ sí thread kankan nínú kóòdù tẹ́ ẹ kọ.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí jù fún irú nkan báyìí o. Binary search, kóòdù tó ń wá nkan nínú àkójọ tí wọ́n tò létòlétò nípa pípín in sí méjì léraléra, èyí tó wà nínú Java fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àṣìṣe kan fi wà nínú ẹ̀, 2006 ni Joshua Bloch tó kọ ọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní gbangba. Láti rí àárín, ṣe ni wọ́n ro low, ìyẹn ipò tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, pọ̀ mọ́ high, ìyẹn ipò tó parí sí, wọ́n wá fi 2 pín in. Ta ló máa rí àléébù níbẹ̀? Àmọ́ int inú Java, irú nọ́ńbà tí wọ́n lò níbẹ̀, ò lè kọjá 2,147,483,647, tí àròpọ̀ méjèèjì bá kọjá ẹ̀, á yí padà di nọ́ńbà òdì. Ẹ fi 2,000,000,000 sí low, ẹ fi 2,100,000,000 sí high, ẹ kọ nkan tẹ́ ẹ rò sílẹ̀, ẹ wá wo bó ṣe máa gbé -97,483,648 jáde fún yín. Ẹni tó gbọ́ ìtàn yẹn lásán á mi orí, ẹni tó rí àmì òdì yẹn lójú ara ẹ̀ á padà lọ yẹ kóòdù ẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ kọ́ọ̀sì, ẹ gbé ìṣòro kan dání látibi iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì ti fi gbogbo nkan tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà sí i kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi tíṣà ní ìbéèrè, ẹ fi “báwo” sílẹ̀, èyí wà nínú ìwé, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò gba ọ̀nà kejì. Ibẹ̀ lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nkan tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, kò sì sí i nínú slide kankan.

Arákùnrin kan bi mí pé tí tíṣà bá ń sáré ńkọ́, ìgbà wo lòun fẹ́ kọ ọ́? Mo ní kó má tẹ kóòdù yẹn mọ́, wọ́n kúkú máa fún un ní gbogbo ẹ̀ níparí, ìlà kan péré ló máa fi bírò kọ.