Ìlọrin Orí Òkun: Wíwá Ìbẹ̀rẹ̀ fún Àròkọ Lórí Ìwé Ìtàn Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Bí òǹkọ̀wé ṣe lè rí ìbẹ̀rẹ̀ tí yóò di òǹkàwé mú, nígbà tí ó bá ń kọ àròkọ lórí ìtàn àròsọ fún àwọn ọ̀dọ́, ni ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: Children of Blood and Bone, èyí tí Tomi Adeyemi, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà fún òbí ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde ní ọdún 2018.

Òkìkí ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí òǹkọ̀wé lọ́kàn, pé ìwé náà gba ẹ̀bùn Lodestar, ẹ̀bùn fún ìwé àwọn ọ̀dọ́, ní 2019. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ orúkọ ìwé yìí kúrò nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí ẹ fi orúkọ ìwé mìíràn tí ó gba ẹ̀bùn sí i, yóò ṣì bá a mu rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ìlọrin ni Zélie, ọmọbìnrin ọdún 17 tí ìtàn náà dá lé, ń gbé, ṣùgbọ́n orí òkun ni Ìlọrin yìí wà, tí ilé àwọn apẹja ibẹ̀ ń léfòó. Ìbàdàn sì wà láàárín òkè ńlá tí yìnyín bò. Ẹni tí ó mọ odò Asà, tí ó sì mọ bí Ìlọrin ti jìnnà sí òkun tó, yóò dúró níbẹ̀. Ìdúró yẹn gan-an ni mo ń wá. Mo lè kọ ọ́ báyìí: “Ní Ìlọrin tí mo mọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun yóò wọkọ̀ títí dé Èkó, ní Ìlọrin ti Zélie, bí ènìyàn bá yọjú sí ẹnu ọ̀nà, òkun ni.”

Àwọn kan yóò ní àṣìṣe ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ni Adeyemi ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ó sún un dé ìdí ìtàn náà, àwọn òrìṣà tí àwọn tí a kó lẹ́rú gbé sọdá òkun. Lójú tèmi, ọ̀nà omi ni ogún Yorùbá gbà dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu pé ìlú tí ó fi orúkọ wa sọ wà lórí omi. Nígbà náà ni gbólóhùn àkọ́kọ́ mi ti di ìbéèrè tí gbogbo àròkọ náà yóò máa dáhùn, kì í ṣe ẹ̀tàn tí a ó pa tì ní ìpínrọ̀ kejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò dé Ìlọrin rí ń kọ́? Ẹ mú un lọ sí orí kìíní, níbi tí Mama Agba ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá ní ìkọ̀kọ̀. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ṣe dé láti béèrè owó orí, àwọn ọmọ náà ti fi ọ̀pá pamọ́, wọ́n sì ti gbájú mọ́ iṣẹ́ aṣọ bí ẹni pé iṣẹ́ ìránṣọ nìkan ni wọ́n wá kọ́. Ọmọ ọdún 17 tí wọ́n ti sọ fún rí pé kí ó panu mọ́ kí wàhálà má bàa dé, kò nílò kí á ṣàlàyé fún un bí ó ti rí lára ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀, tí ó tẹrí ba, tí ọ̀pá rẹ̀ sì wà nítòsí.