Orin Ti Wà Nínú Gbólóhùn Kí A Tó Kọ Ọ́

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń kọ orin ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé ni pé: níbo ni ìmísí ti ń wá? Ọ̀pọ̀ ń retí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dì mú ni pé ní èdè Yorùbá, orin ti wà nínú gbólóhùn kí olórin tó la ẹnu. Kó gbọ́ ọ dáadáa ló kù.

Ẹ mú gbólóhùn kan tí ará Èkìtì kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí Ìkógòsì, ìlú tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun: “Omi gbígbóná, omi tútù.” Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ má tíì kọ ọ́ lórin. Ohùn rẹ̀ nìyí: re re mí mí mí, re re mí dò. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì ká a sórí fóònù, torí ẹnu tó ti mọ̀ pé òun fẹ́ kọrin kì í sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ mọ́.

Tí ẹ bá tún un gbọ́, “tù” inú “tútù” kò já lulẹ̀ lójijì. Ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀ láti ara “tú”. Bí ohùn òkè bá sì tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀, bíi “ìwé”, ńṣe ló ń yọ̀ gòkè. Yíyọ̀ yìí ni onígángan ń fi ọṣán tó fún mọ́ abẹ́ apá ṣe. Ẹni tó ń fi kéèbọ́ọ̀dù wá ohùn orin rẹ̀ kì í sábà bá a pàdé, ìdí nìyẹn tí orin rẹ̀ fi ń le gbagidi létí. Ẹ fi nóòtù méjì tó so mọ́ra síbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Gbólóhùn gígùn tún máa ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ: ohùn òkè tó wà ní ìparí kì í ga tó ti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti wà láàárín wọn. Ẹni tó bá gbé ìlà rẹ̀ nísàlẹ̀ jù, ohùn á tán mọ́ ọn lọ́fun kó tó dé òpin. Ẹ fi àyè nóòtù márùn-ún ó kéré tán sílẹ̀ lábẹ́ nóòtù àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n re àti mí wọ̀nyí kì í ṣe ti sólífà. Ìgbésẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n olórin ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ yí ni ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀.

Ọ̀nà tí Èkìtì ń gbà gberin wúlò gan-an níbí. Ní Ọ̀yọ́, ohùn kan ni àwọn agberin sábà ń gbé. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì ni, èkejì ń tẹ̀lé èkíní ní nóòtù kẹta nísàlẹ̀, wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ olóhùn mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀: bí tírébù bá ń sọ̀ tí báàsì ń gòkè, “ọkọ̀” ni tírébù ń pè, “ọkọ́” ni báàsì ń pè. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ adarí kúáyà ka ohùn méjì ti ilé sí ohun tí kò tíì pé. Ó pé.

Èdè àdúgbò náà ní ipa tirẹ̀. “Ulé” àti “ugi” ti Èkìtì ń ká ètè jọ. “Ilé” àti “igi” ti Yorùbá àjùmọ̀lò ń ṣí i. Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ orin padà láti èkíní sí èkejì nítorí ọjà, kó tún nóòtù gígùn ibẹ̀ gbọ́, torí adùn rẹ̀ ti yí.

Oríṣi orin yòówù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò yí. Síkírù Àyìndé Barrister mú orúkọ fújì lára òkè kan ní Japan, ṣùgbọ́n inú wéré ni ohùn rẹ̀ ti wá, orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan. I.K. Dairo mú àkọ́díọ̀nù wọ jùjú. Èyí tí àkọ́díọ̀nù kò lè yọ̀, gángan wà nítòsí tó ń yọ̀ ọ́.

Tí ìlà bá ti parí, ẹ fi imú kùn ún fún ẹnìkan láìpe ọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ ní kí onígángan lù ú. Ẹ sọ ohun tí orin dá lé fún un, kó wá sọ ohun tó gbọ́. Níbi tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nóòtù ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan ìyókù.