Ta Ló Ń San Owó Oṣù Wọ́dà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé wá, torí òun ni mo rí pé ó wà ní ìdí gbogbo ìyà ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1700 sí 1800.

Ní 1773, wọ́n fi John Howard jẹ ṣẹ́rífù àgbègbè Bedfordshire, ìyẹn aṣojú ọba tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbègbè náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ fúnra rẹ̀, ó sì bá àwọn tí kóòtù ti dá láre nínú àhámọ́. Owó ló dá wọn dúró. Wọ́dà ibẹ̀ kì í gba owó oṣù. Lára ẹlẹ́wọ̀n ló ti ń jẹun. Ẹni tí kò bá rí owó ìtúsílẹ̀ san, ibẹ̀ ni yóò wà. Howard bẹ àwọn adájọ́ àgbègbè náà pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún wọ́dà. Wọ́n ní kó lọ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó gun ẹṣin lọ sí àwọn àgbègbè tó múlé tì wọ́n, ìwà kan náà ló bá níbẹ̀.

Ipò wọ́dà tilẹ̀ jẹ́ ọjà títà. Ní 1728, Thomas Bambridge àti ẹnìkejì rẹ̀ ra ipò olórí Fleet, ẹ̀wọ̀n onígbèsè kan ní London, ní 5,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì ní láti pa owó náà padà lára àwọn onígbèsè tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Robert Castell, kò rí owó fún Bambridge mọ́. Bambridge ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé tí ṣànpọ̀nná ti ń jà. Castell bẹ̀bẹ̀ pé àrùn náà kò mú òun rí. Wọn kò gbọ́. Ó kó o, ó sì kú. Mi ò lè ka ìtàn yìí kí inú mi má bàjẹ́. Ilé aṣòfin yan ìgbìmọ̀ tí James Oglethorpe darí ní 1729, àmọ́ kóòtù dá Bambridge sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ipò rẹ̀ nìkan ló pàdánù.

Iṣẹ́ ńkọ́? Láti 1553 ni ààfin Bridewell ní London ti di ibi tí wọ́n ń kó àwọn alárìnkiri sí kí wọ́n lè ṣiṣẹ́: wọn a máa fi òòlù igi lu hemp, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe okùn. Nígbà ayé Howard, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní irinṣẹ́ mọ́. Ní 1776, ó ka ẹlẹ́wọ̀n 4,084 ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. 2,437 nínú wọn jẹ́ onígbèsè. Wọ́n ti onígbèsè mọ́lé, wọ́n sì ń retí pé kó san gbèsè!

Lọ́dún náà gan-an ni ogun òmìnira Amẹ́ríkà dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ọ̀daràn lọ síbẹ̀. Ìjọba kó wọn sínú ọkọ̀ ògbólógbòó lórí odò Thames ní Woolwich, wọ́n ń wa iyanrìn ìsàlẹ̀ odò. Duncan Campbell ni wọ́n gbé àbójútó wọn fún, oníṣòwò tó ti ń kó irú wọn lọ sí Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tó kú.

Òfin 1774 fagi lé owó ìtúsílẹ̀ fún ẹni tí kóòtù bá dá láre. Àwọn owó yòókù kù síbẹ̀. Ibà pa Howard ní Kherson, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ukraine lónìí, ní 1790, lẹ́nu ìrìn àjò rẹ̀. Ó di 1815 kí ilé aṣòfin tó fòfin de owó tí wọ́dà ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n.