Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tíṣà sọ l'Óṣogbo

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ẹ jẹ́ ká tètè wọnú ẹ̀.

Ẹ mú ìwé nóòtì ọmọ JSS1 èyíkéyìí, ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́: kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ oníná tó ń gba détà wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tó sì ń gbé èsì jáde. Ọmọ yẹn ti há a sórí bí ẹní há orin. Ẹ wá bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní détà, òrùlé lá máa wò. Ní iléèwé kan tí mo ti kọ́ni tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà 10 wà nínú yàrá kan, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò wọ́n, wọ́n tilẹ̀kùn pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, àfi tí àlejò bá ń bọ̀ ni wọ́n tó ń ṣí i. Èmi wà nínú kíláàsì tó kángun sí yàrá yẹn, mò ń fi ẹfun ya àwòrán máòsì sójú pátákó fún ọmọ 70. Ó dùn mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ohun tí mo wá sọ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni bí èèyàn ṣe ń gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, bó ṣe ń to ìgbésẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, bó ṣe ń padà lọ wá ibi tó ti ṣì í ṣe láì banú jẹ́. Ìyẹn ò dúró de NEPA. Àwọn ará England náà jìn sí kòtò yìí, kọ̀ǹpútà pọ̀ níléèwé wọn àmọ́ lẹ́tà títẹ̀ àti PowerPoint ló gba gbogbo àsìkò, títí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, fi kọ ìròyìn jáde ní January 2012 pé nǹkan ò lọ dáadáa. Nígbà tó fi máa di September 2014 wọ́n ti gbé ICT, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kúrò, wọ́n fi computing, ẹ̀kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́, rọ́pò ẹ̀, ọmọ ọdún 5 sì ti ń kọ́ ohun tí algorithm jẹ́, ìyẹn ìgbésẹ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn láti fi ṣe iṣẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. (Tíṣà márùn-ún jáde síwájú, mo fún wọn ní páálí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní àmì 1, èkejì 2, èkẹta 4, ìkẹrin 8, ìkarùn-ún 16.) Tí mo bá pe iye kan, ẹni tá a bá nílò gbé páálí ẹ̀ sókè, ẹni tá ò bá nílò da tiẹ̀ dé. 21! Ẹ rí i, 16, 4, 1. Ó tán. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ 21 sílẹ̀ nìyẹn, tàn-án, pa á, tàn-án, pa á, tàn-án. 31 ńkọ́? Gbogbo wọn sókè. 32 wá ńkọ́? Ẹ má sọ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú... ẹ ṣeun, bàbá tó wà lẹ́yìn ti ní ká wá páálí kan sí i. Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní New Zealand ló kó irú eré báyìí jọ fáwọn ọmọdé, páálí bisikíìtì sì tó láti fi ṣe é.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù la dé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Odù Ifá kan, àmì mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yálà ẹyọ kan tàbí méjì. Èjì Ogbè, ẹyọ kan kan látòkè délẹ̀. Ọ̀yẹ̀kú Méjì, méjì méjì ni tiẹ̀. Àpapọ̀ ẹ̀ 256. Báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà, àyè mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní títàn tàbí pípa, 256. Mi ò sọ pé Ọ̀rúnmìlà ló ṣe kọ̀ǹpútà o, àwọn tó ń gbé ìyẹn kiri orí Facebook ń ba ọ̀rọ̀ tó dáa jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìṣirò tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ wa, ó ti wà lórí ọpọ́n tipẹ́. Pásítọ̀ kan wá bá mi lórí ẹ̀ níléèwé, ó ní mò ń kọ́ ọmọ òun ní ìbọ̀rìṣà. Mo ní kó jókòó, mo kó páálí fún un, òun fúnra ẹ̀ ló ka iye náà dé 256, ló bá ní òun máa ṣe é ní Sunday school.

Aago ti ń lé mi. Èdè: ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà mọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ló tún mọ Gẹ̀ẹ́sì jù. Síbẹ̀ ní November 2025 ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ètò fífi èdè abínibí kọ́ni tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Wọ́n ṣì í ṣe, mo sì máa sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ọpọ́n Ìmọ̀ ti 2013, ẹ̀rọ alátẹ́lẹwọ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ iléèwé girama, ìtàn yín ni, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: ìwé 56 nínú ẹ̀rọ kan, ohun ńlá ni, àmọ́ ohun tọ́mọ máa kà nìyẹn, ohun tọ́mọ máa ṣe ṣì kù.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ fóònù ni ìyá kan bá nawọ́. "Ẹ má bínú sà. Ọmọ mi kọ JAMB, kò fọwọ́ kan máòsì rí láyé ẹ̀. Ìgbà tó fi máa mọ ohun tó ń ṣe, àsìkò ti lọ. Páálí yín dáa, àmọ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò mọ páálí."

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo pa ìwé mi dé.

Ẹ ṣeun mà, òótọ́ lẹ sọ. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń kọ JAMB. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kò di dandan kí ọmọ fọwọ́ kan máòsì. Bọ́tìnnì mẹ́jọ tó. A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdánwò jíṣẹ́ tó bá parí, R láti padà sínú ẹ̀ tó bá yí ọkàn padà. A lè ya ìyẹn sórí páálí kọ́mọ máa tẹ̀ ẹ́ lálaalẹ́. Àmọ́ ẹ̀rù tí ọmọ yín ní, ẹ̀rọ gidi ló ń lé e lọ. Kọ̀ǹpútà 10 fún ọmọ 70, méje méje ni, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kan, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé ló máa kẹ́yìn. Àsìkò kíláàsì kan péré ló gbà, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn.

Mo wá bi wọ́n: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí? Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ tó ń gòkè, mo ka mọ́kànlá. Mo ní kí wọ́n má tíì sọ ọ́ kalẹ̀, kí kálukú kọ́kọ́ dá ọjọ́ tó máa ṣí i. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Mọ́ńdè. Èkejì ní Mọ́ńdè. Ìkẹta ní jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́, ìyá yẹn dìde dúró, ó ní ọkọ òun ń tún un ṣe, kó sọ ibi tí iléèwé ẹ̀ wà.