Ìmọ̀ Omi Abúlé: Ẹ Gba Àkọsílẹ̀ Kànga Yín Lọ́wọ́ Ẹni Tó Gbẹ́ Ẹ

Ẹ̀yin olórí-ìtùn, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aṣojú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra), àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi kànga gbígbẹ́ jẹun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Lórí bí omi tó mọ́ ṣe lè dé abúlé wa ní iye tí agbára mẹ̀kúnnù ká ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀, ohun kan ni mo sì fẹ́ tẹnu mọ́: ìmọ̀ tí a fi owó ńlá rà nígbà tí a gbẹ́ kànga kan, a kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ kó tó kẹ́rù rẹ̀ lọ, nítorí náà a tún ń rà á nígbà tí ó bá kan kànga kejì.

Ilẹ̀ tí a ń gbẹ́ yìí kì í ṣe oríṣi kan. Ní apá àríwá, ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, àpáta líle ló tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, ibi tí àpáta náà ti jẹrà tàbí tí ó ti sán ni omi sì máa ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè kan omi, kí aládùúgbò rẹ̀ sì gbẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí nǹkan kan. Bí a bá kọjú sí gúúsù, àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Rẹ́mọ, iyanrìn àti amọ̀ ló wà ní ìpele-ìpele, a sì ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ṣágámù. Nínú iyanrìn, àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan lè fi irin, páìpù àti omi gbẹ́ kànga tóóró láìlo ọkọ̀ ńlá tí a fi ń lu ilẹ̀, ìnáwó rẹ̀ a sì dín kù púpọ̀. Ọ̀nà yìí kò lè ṣiṣẹ́ nínú àpáta. Abúlé tí kò bá mọ irú ilẹ̀ tí òun jókòó lé, ohun tí oníṣẹ́ bá sọ fún un ni yóò sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ páìpù, nítorí ó dùn mí gan-an. Omi inú ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa sábà máa ń ní ásíìdì díẹ̀. Bí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ń fi bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó hàn (bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí), bá ti wà nísàlẹ̀ 6.5, ó máa ń jẹ páìpù irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti fa irú páìpù bẹ́ẹ̀ jáde láti abẹ́ pọ́ǹpù àfọwọ́fà: ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ti tín-ín-rín, ìpẹtà bò ó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lu bí ajere. Kó tó bàjẹ́ pátápátá ni omi àárọ̀ ti ń pupa, tí ó ń rùn bí irin, tí ó sì ń ba aṣọ funfun jẹ́. Àwọn ìyá wa a gbé korobá wọn padà sódò, pọ́ǹpù tí owó ìlú bá lọ a sì dúró lásán. Láti àwọn ọdún 1980 ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ Otto Langenegger ti ṣe ìwádìí ọ̀ràn yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro: kí a yẹ omi wò kí a tó ra páìpù, bí ásíìdì bá wà níbẹ̀, kí a lo páìpù oníke tàbí irin tí kì í dípẹtà. Síbẹ̀ a ṣì ń ri páìpù síǹkì mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tó mọ̀ kò bá ẹni tó ń rajà pàdé.

Àwọn ibòmíràn ti fi hàn pé a lè pín ìmọ̀ káàkiri. Pọ́ǹpù àfọwọ́fà India Mark II, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1970, kò sí lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ kankan. Àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́ǹpù àfọwọ́fà Afridev, tí wọ́n ṣe kí ará abúlé fúnra rẹ̀ lè pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ní Nicaragua, orílẹ̀-èdè kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, pọ́ǹpù olókùn, tí okùn oníkókó rọ́bà ń fa omi gba inú páìpù oníke, tàn ká ìgbèríko nítorí pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ lè ṣe é, wọ́n sì lè tún un ṣe. Mo gbàgbọ́ pé àwọn awẹ́dà Ìjẹ̀bú-Òde lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí àwòrán náà bá dé ọwọ́ wọn.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó bá fẹ́ fi kànga ta ìlú lọ́rẹ, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a kò ní san owó ìkẹyìn àfi bí agbẹ́kànga bá fi ìwé sílẹ̀: bí kànga ṣe jìn tó, ìpele ilẹ̀ tí ó bá pàdé àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí omi dúró sí, pH rẹ̀, irú páìpù tí ó lò, àti ibi tí a ti lè ra ohun èlò rẹ̀. Kí ó kọ oṣù tí ó gbẹ́ ẹ pẹ̀lú, nítorí kànga tí a gbẹ́ nígbà òjò lè gbẹ tó bá di oṣù kẹta ọdún. Lẹ́yìn náà, kí abúlé máa fi okùn wọn omi rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì fi kún ìwé kan náà. Kí ìwé yìí má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo: kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ olórí-ìtùn, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá tó ń bójú tó ojú omi, kí a sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí wáàsáàpù ẹgbẹ́ ìlú, kí abúlé kejì tó fẹ́ gbẹ́ tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí i kà.